Igun Ilé Bíríkìlà

Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀, Ọmọ Bíríkìlà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é kó tó wọ yunifásítì lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Bàbá rẹ̀ ti ń fi í yangàn káàkiri: "Ọmọ mi á ya ilé sórí ìwé, èmi á kọ́ ọ." Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ọmọ ti gboyè dé. Bàbá kò mọ̀ pé láti ọ̀sẹ̀ tó ti kọ́kọ́ wọlé ni inú ti ń bí ọmọ náà. Kì í ṣe torí yàrá tí wọ́n há wọn mọ́ bíi sadín-ìn inú agolo, kì í sì í ṣe torí gbọ̀ngàn ìṣirò tí àwọn kan ti ń dúró lójú fèrèsé gbọ́ ẹ̀kọ́. Ìyẹn ṣeé fara dà. Ẹni tó ń bí i nínú kò ju ẹyọ kan lọ, Bàbá Rúlà.

Bàbá Rúlà ló ń kọ́ wọn ní yíyà àwòrán ilé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ torí rúlà onígi kan tí kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, àfi bíi pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Ẹni tó bá féèlì iṣẹ́ tirẹ̀ kò ní rí ọdún kejì wọ̀ nínú ẹ̀ka náà. Wọ́n á kó o lọ síbi tí àyè bá ti ṣẹ́ kù, ó di kó lọ máa kọ́ ohun tí kò tìtorí ẹ̀ wá.

Ọlọ́wọ́ òsì sì ni Ọmọ Bíríkìlà. Ó ń fi ọ̀tún kọ̀wé, ó ń fi ọ̀tún jẹun, ṣùgbọ́n tó bá di ká fa ìlà tó gún, òsì nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Rúlà gígùn kan wà tó lórí bíi òòlù, tísíkúẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Etí òsì pákó tí wọ́n ń tẹ́ ìwé lé yàwòrán ni gbogbo kíláàsì ń gbé orí rẹ̀ tì. Ọmọ Bíríkìlà gbé tiẹ̀ ti etí ọ̀tún, ó fi òsì mú pẹ́ńsù, ìlà sì ń jáde bí okùn tí bàbá rẹ̀ máa ń ta kó tó to búlọ́ọ̀kù.

Bàbá Rúlà dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi igi ọwọ́ ẹ̀ gbá tísíkúẹ̀ náà bọ́ sílẹ̀.

"Kí lò ń fọwọ́ òsì ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Òun ló mọ̀ ọ́n fà jù, sà."

"Ilé wo lo tiẹ̀ ti jáde wá? Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Bíríkìlà gbé pẹ́ńsù sí ọ̀tún, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bó ṣe ń rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Lálẹ́, á gbé pákó lé orókún lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa fi ọ̀tún gbìyànjú títí ọrùn á fi máa ro ó, máàkì tó sì ń gbà kò ṣeé sọ létí ènìyàn.

Ìbéèrè yẹn ló dùn ún ju máàkì lọ. Wọn ò kọ́ ọ nílé kẹ̀? Wọ́n kúkú kọ́ ọ! Nígbà tó wà ní kékeré, tó bá ti dé láti iléèwé, bàbá rẹ̀ á gbé e jókòó sí igun pálọ̀, á kọjú ẹ̀ sí ògiri, á fi àkísà so ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àga, á ní kó máa fi ọ̀tún kọ a, b, d. Ìyá rẹ̀ á bẹ̀ títí. Bàbá á ní òun ò bí ọmọ tí wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ á sunkún tẹ́rùn, á wá máa wo èèrà tó ń tò lọ létí kápẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ìyà yẹn náà rèé, wọ́n ṣì padà fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi, ó gbé ìbínú náà wálé. Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, sìmẹ́ńtì ṣì wà lápá ẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi so mí lọ́wọ́?"

"Ìgbà wo?"

Ìgbà wo! Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò lè gbàgbé.

"Mo ń féèlì, Bàbá. Ọwọ́ tẹ́ ẹ kọ́ mi ò mọ ìlà fà. Èyí tó mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi kí n máa fi pa mọ́."

"Ire ẹ ni mo ń wá. Ṣé o ò gbọ́ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni ni?" Ó bu omi, ó ń fọ ọwọ́. "Má sì dúró lé mi lórí nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, tí kò sí igun kan tó wọ́ níbẹ̀, kó o máa bi mí ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá."

Ọmọ kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ìsinmi ò tíì parí tó fi padà síléèwé.

Ìdánwò ìparí ọdún dé. Bàbá Rúlà pín ìwé fífẹ̀ fún wọn. "Ẹ ya ilé tẹ́ ẹ gbé dàgbà, bó ṣe rí gan-an. Mi ò fẹ́ ilé ojú àlá o."

Ọmọ Bíríkìlà wo ìwé náà. Ó rántí òwe bàbá rẹ̀, inú tún bí i. Ó gbé tísíkúẹ̀ ti etí ọ̀tún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Rúlà ti gbé igi sókè.

"Ẹ fún mi lódo tẹ́ ẹ bá fẹ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan pákó mi."

Ọwọ́ òsì ẹ̀ ń fa ìlà lọ bó ṣe ń sọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Igi náà rọra wá sílẹ̀, Bàbá Rúlà sì kọjá lọ sórí ẹlòmíràn. Nígbà tó ń máàkì, ó wá ìlà tó gbọ̀n títí, kò rí. Ó fún un ní ìwọ̀nba máàkì tó máa gbé e dé ọdún kejì, kò fi ẹyọ kan lé e. Ó wá fi bíró pupa yí igun pálọ̀ po, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Igun yìí wọ́."

Ọmọ Bíríkìlà ká àwòrán náà, ó gbé e wálé, ó tẹ́ ẹ síwájú bàbá rẹ̀. Ojú bàbá tàn. Ó ń fi ìka tọ́ ọ: yàrá òun rèé, fèrèsé ìyá ẹ̀ rèé. Kò bèèrè ọwọ́ tí wọ́n fi yà á. Ìka ẹ̀ wá kan àmì pupa.

"Òótọ́ ni olùkọ́ yín sọ. O ṣì í níbí. Igun ilé mi ò rí báyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ló rí, Bàbá."

"Lójú èmi tí mo kọ́ ọ!"

Ó lọ mú irin onígun tó fi ń wọn ògiri, ó sún àga kúrò, ó kúnlẹ̀ sí igun náà. Apá kan irin lẹ̀ mọ́ ògiri. Apá kejì kò kàn án. Àlàfo ibẹ̀ tó ohun tí èèrà lè gbà kọjá. Ó yí irin náà padà, ó tún wọn ibẹ̀. Bákan náà ni.

Orí ìkúnlẹ̀ ló wà tó fi bojú wẹ̀yìn. "Látọjọ́ tí mo ti ń gbénú ilé yìí, mi ò rí i rí. Báwo nìwọ ṣe rí i?"

"Ibẹ̀ lẹ máa ń so mí mọ́, Bàbá. Kí lẹ fẹ́ kí n máa wò?"