Màdáámù Alápá Kan

Kíláàsì kẹta ni mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Èrúwà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí tíṣà tuntun kan dé láti máa kọ́ wa ní iṣẹ́ ọnà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ìhà Oǹdó ló ti wá, ó sì dá irùngbọ̀n tín-ín-rín kan sí tí inú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò dùn sí rárá. Kó tó dé, ife ni iṣẹ́ ọnà lójú wa. Wọ́n á gbé ife kan sórí tábìlì, a ó sì yà á. Ife kan náà la yà láti kíláàsì kìn-ín-ní. Mo mọ ibi tí etí rẹ̀ ti sán ju bí mo ti mọ ojú àbúrò mi lọ.

Tíṣà yìí gbé ife kúrò. Ó ní kí a wo ìta, kí a sọ ohun tí a rí. Ohun tí à ń rí nígbà náà kò kéré. Wíìgì ti gba ìlú. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń wọ òlékù tí ìró rẹ̀ kò bo orúnkún, wọ́n ń gun bàtà gogoro lórí ilẹ̀ olókùúta, wọ́n á di ara wọn mú bí ẹni tó ń sọdá odò. Àwọn ọkùnrin ń wọ ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi pé òun ló ń gbálẹ̀ ọjà. Agbára káká ni a fi lè rí ilé tí kò ní kàlẹ́ńdà tí obìnrin kan ti ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀, tó na ọṣẹ tàbí ìpara sí wa. Àwọn mìíràn sì ti ń bó ara kí wọ́n lè pọ́n bí obìnrin inú kàlẹ́ńdà, àmọ́ etí wọn àti oríkèé ọwọ́ wọn kò gbà.

Ó ní kí a pín ara wa sí ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ohun tó bá rí nílé ṣe ère arẹwà òde òní.

“Kì í ṣe pé kí ẹ yìn ín o,” ó wí. “Ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá wò ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀, kí ojú sì tì í. Bí ojú bá ti tì wọ́n, ẹ ti yege.”

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó la wà nínú ẹgbẹ́ kan. Ọmọ Igbó-Ọrà ni, ìbejì sì ni. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé kí a ṣe ère náà ní méjì, nítorí pé obìnrin tó bá rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tó sì dá dúró, àwọn èèyàn á máa béèrè pé èkejì rẹ̀ dà. Mo ní ìwé ìròyìn kò ní í tó. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó dùn ún.

Ọparun la fi ṣe egungun rẹ̀. A ki koríko gbígbẹ sí i nínú, a wá ń lẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ mọ́ ọn lára, ìpele lórí ìpele. Kò sí gọ́ọ̀mù, nítorí náà láfún la rò, a jẹ́ kó ṣàn díẹ̀, òun la fi ń lẹ̀ ẹ́. Inú kàlẹ́ńdà la ti gé ojú rẹ̀. Ojú ọ̀tún wá láti ara obìnrin tó ń polówó ọṣẹ, tòsì láti ara ẹni tó ń polówó mílíìkì. Ti ọlọ́ṣẹ tóbi ju ti onímílíìkì lọ, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń wò. Ẹnu rẹ̀ wá láti ara obìnrin kẹta tí eyín rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kí imú rẹ̀ gùn bíi ti òyìnbó, ó ń fi láfún kún un ṣáá títí ó fi di pé imú ni yóò kọ́kọ́ wọlé kí orí tó dé. A fi àtíkè kun ìdajì ojú, a fi èédú kun ìdajì tó kù, kí àwọn abóra lè mọ̀ pé àwọn là ń bá wí. Òwú dúdú la fi ṣe wíìgì, ó tóbi bí ebè. A fi ìlà yí ọrùn rẹ̀ po bí àwọn ìyá wa àgbà ṣe ń fẹ́ ẹ, nítorí tíṣà ní kí a má ṣe jẹ́ kí ẹwà àtijọ́ náà lọ láìjìyà. Ìró ìyá mi kan tó ti gbó la fi rán òlékù fún un. A pè é ní Màdáámù.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí àwọn òbí ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa, a gbé Màdáámù sí oòrùn lẹ́yìn kíláàsì kí láfún ara rẹ̀ lè gbẹ, a sì lọ jẹun. Nígbà tí a padà dé, ewúrẹ́ ìyá tó ń dáná fún wa dúró tì í, ó ń jẹnu. Apá òsì Màdáámù ti lọ kọjá ìgúnpá. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́kún. Tíṣà wá, ó wo Màdáámù, ó wo ewúrẹ́. Kò sí àyè láti ṣe apá mìíràn kó sì gbẹ. Ó ní kí a gé apá aṣọ náà kúrò léjìká, kí a ṣẹ́ ẹ létí dáadáa, kí a fi rìbọ́ọ̀nù pupa ńlá kan bo ojú ibi tí ewúrẹ́ jẹ. Ó ní bóyá ẹwà kò tilẹ̀ nílò ọwọ́ méjì.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màdáámù, à ń retí ìtìjú àwọn èèyàn. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa ni bàbá kan, àgbẹ̀ láti Ìgàngán tí ọmọ rẹ̀ wà nílé ẹ̀kọ́ wa. Ó ṣí fìlà, ó kí Màdáámù kú ìdúró. Ó dúró díẹ̀ kí Màdáámù dáhùn. Nígbà tí kò dáhùn, ó yí sí ìyàwó rẹ̀, ó sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́ pé bẹ́ẹ̀ làwọn ará ìlú ńlá ṣe máa ń ṣe, kí ó má bínú. Lẹ́yìn náà àwọn obìnrin rọ́ wá, wọ́n yí i ká. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan na ọwọ́, ó fi ìka méjì gbé etí aṣọ tí a gé náà, ó wo bí a ṣe ṣẹ́ ẹ.

Àbúrò ìyá mi tó ń ránṣọ ní Lánlátẹ̀ wà láàárín wọn. Ó bi mí léèrè ẹni tó gé apá yẹn. Mo ní ewúrẹ́ ni. Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́ orúkọ aránṣọ tí òun kò tíì bá pàdé. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ó ti lọ bẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n yá òun ní Màdáámù, òun fẹ́ gbé e sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá kò jẹ́ kó bẹ̀ púpọ̀. Takisí ló gbé wa lọ. Iwájú ni wọ́n fi Màdáámù jókòó sí nítorí wíìgì rẹ̀. Àwa èèyàn ẹlẹ́ran ara fún mọ́ra lẹ́yìn, dírẹ́bà sì rọra ń wakọ̀ ní gbogbo ibi tí kòtò bá wà.

Ọjọ́ ọjà ni wọ́n gbé e síta. Kí oòrùn tó rọ̀, àǹtí mi ti wọn èèyàn títí tí ọwọ́ fi ń ro ó. Gbogbo wọn ló fẹ́ aṣọ alápá kan. Mo wà níbẹ̀ ní ìsinmi, mo sì gbìyànjú láti ṣàlàyé fún wọn pé yẹ̀yẹ́ ni, pé a ṣe é láti bá ìfẹ́ aṣọ àṣejù wí ni. Wọ́n máa ń gbọ́ mi tán, wọ́n á kí mi pé mo káre. Láìpẹ́ àwọn obìnrin ti ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù pupa léjìká. Àlàyé pọ̀. Àwọn kan ní kí aago ọwọ́ lè hàn ni. Àwọn kan ní ìyàwó ọ̀gágun kan ní Èkó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oòrùn Ìbàràpá kò ṣàánú ẹnikẹ́ni, nítorí náà apá òsì wọn ń dúdú sí i, tọ̀tún ń pọ́n sí i. Mo rí àwọn obìnrin méjì lẹ́nu kànga tí wọ́n to apá wọn síra, tí wọ́n ń wo ti ẹni tí ìyàtọ̀ rẹ̀ dára jù.

Ìyá mi, tí í ṣe tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kì í tẹ̀ lé àṣà kankan, ní wèrè ni gbogbo rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi bi mí bóyá òtútù kì í mú wọn lápá yẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìròyìn náà dé etí tíṣà wa, ó sì dùn ún. Ó bá mi lọ sí Lánlátẹ̀ lọ́jọ́ ọjà kan, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi, ó sì bá àwọn obìnrin tó jókòó síbẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó sọ nípa kàlẹ́ńdà, nípa àwọn tó ń ta ìpara fún wa, nípa bí èèyàn ṣe ń fi ojú ẹlòmíràn wo ara rẹ̀. Ó fi Màdáámù hàn wọ́n, ojú ńlá, ojú kékeré, imú. Ó dé orí apá. Ó búra fún wọn pé ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́.

Ìyá àgbàlagbà kan tó gbé aṣọ tuntun lé itan ló dáhùn.

“Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ọ̀rọ̀ yín yé wa. Ewúrẹ́ yẹn mọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ohun kan ni mo fẹ́ bi yín, nítorí aránṣọ yìí kò gbà pẹ̀lú mi. Èmi, ọwọ́ òsì ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Apá wo ni kí wọ́n gé, òsì ni àbí ọ̀tún?”

Tíṣà wo ìyá náà. Ó wo Màdáámù fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé yóò bínú.

“Ọ̀tún, Màmá,” ó wí. “Ti yín, ọ̀tún ni.”

Àǹtí mi gbé síṣọ́ọ̀sì.

Ohun tó pa àṣà náà ni ìsìnkú kan. Obìnrin kan wá láti Ìbàdàn, ó rí àwọn èèyàn rẹ̀ lójú agbo, ó sì fi àánú béèrè pé irú ìjàǹbá wo ló ṣẹlẹ̀ sí aṣọ gbogbo wọn. Wọ́n wá rí i pé Ìbàdàn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n kó aṣọ padà wá bá àǹtí mi kó bá wọn fi apá kejì sí i. Ibi tó ti le ni pé irú aṣọ náà ti tán lọ́jà. Aṣọ mìíràn ló fi lẹ̀ ẹ́: elódòdó ní ọ̀tún, onílà ní òsì. Inú wọn kò dùn nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin tí wọn kò gé apá aṣọ rí rárá ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n fẹ́ kó tú apá kan kó sì fi aṣọ mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Tíṣà kò mọ máàkì tí yóò fún wa. Ojú kò ti ẹnikẹ́ni, ìyẹn túmọ̀ sí pé a fìdí rẹmi. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí iṣẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kankan tí odindi ìlú méjì wọ̀ sára rí. Ó fún wa ní àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Ìyá mi náà rán tirẹ̀, pupa ní òsì, búlúù ní ọ̀tún. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ìpàdé àwọn tíṣà ní Èrúwà. Nígbà tó dé, mo bi í pé kí ni wọ́n sọ. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó, ó ní wọ́n fún òun ní àga iwájú.