Oògùn Ọmọ Kan, Ẹnu Ọmọ Méjì

Ọjọ́ kẹfà tí ara ọmọ náà ti kọ́kọ́ gbóná ni mo tó mọ̀ pé irọ́ ni mo ti ń kọ sínú ìwé mi. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì nígbà náà, mò ń dúró de ìwé ìpè àgùnbánirọ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àdúgbò Adéwọlé ni mo sì ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìbejì, obìnrin kan, ọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyá wa wà pẹ̀lú wa. Ó wá láti Ọ̀mù-Àrán nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bímọ, kò sì tíì padà.

Ọjọ́ Àìkú ni ara èyí obìnrin gbóná. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan nítòsí Táíwò Road. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ibà ni. Oògùn tí wọ́n fún wa jẹ́ hóró pélébé aláwọ̀ ìyeyè tí a ń pò mọ́ omi díẹ̀, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ẹ̀gbọ́n mi, kò rí àyè gbà lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbé oògùn náà lé mi lọ́wọ́.

"Ìwọ lo ka sáyẹ́ǹsì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní nǹkan mìíràn o."

Èmi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n Màmá ló ń bá wí. Nígbà tí wọ́n bí àwọn ọmọ náà, Màmá fẹ́ se ẹ̀wà ìbejì fún àwọn ọmọdé àdúgbò, ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, onígbàgbọ́ ni wá, nǹkan ìbejì ò gbọdọ̀ wọ ilé òun. Màmá ò jiyàn. Òun náà wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Mo rò pé ó ti gbà bẹ́ẹ̀.

Mo ra ìwé kékeré kan. Mo ń kọ aago, mo ń kọ bí tẹmọ́mítà ṣe sọ, mo ń kọ oògùn. Ọmọ náà kì í gba nǹkan kíkorò lọ́wọ́ mi, eyín ló máa ń fún pọ̀. Orí ẹsẹ̀ Màmá nìkan ló ti ń gbé e mì. Nítorí náà, mo máa ń po oògùn náà, màá gbé ife fún Màmá, màá padà sí kíṣìnnì lọ gbé ẹ̀kọ rẹ̀ kaná. Tí mo bá dé, ife ti ṣófo. Màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti mu ún.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ló lo èyí tó kẹ́yìn. Ó ṣeré díẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ara rẹ̀ tún gbóná janjan, kò sì lè jókòó.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wọ aṣọ fún un ká lè padà sí ilé ìwòsàn. Èyí ọkùnrin jókòó ti bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, ṣé oògùn kíkorò yẹn ni ẹ tún fẹ́ lọ gbà?"

"Òun la fẹ́ gbà á fún. Kì í ṣe ìwọ."

"Èmi náà máa mu ú. Tí mo bá ti gbé e mì, Màmá á fún mi ní bisikíìtì."

Mo dúró. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló sọ fún wa pé màlúù wọ ilé ìwẹ̀. Mo bi í bí oògùn náà ṣe rí. Ó ní ó dà bí omi ẹyin. Mo bi í ta ló ń kọ́kọ́ mu.

"Òun. Tó bá ti dé ibí," ó fi ìka kan àárín ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, "ó kàn mí nìyẹn."

Mo wọ kíṣìnnì. Màmá ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, oògùn tí mò ń gbé fún yín, ta ló mu ún?"

"Àwọn ọmọ ni."

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ mélòó la ní nínú ilé yìí? Mo pín in dọ́gbadọ́gba. N ò rẹ́ ìkankan jẹ."

"Màmá! Ọ̀kan ṣoṣo ni ara rẹ̀ ò yá!"

"Ìwọ lo mọ̀wé, èmi ni mo mọ ìbejì. A kì í fi nǹkan sẹ́nu ìkan kí ìkejì máa wòran. Tínú ìkejì bá bàjẹ́, ṣé ìwé tó o kà lo máa fi bẹ̀ ẹ́?" Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Á ní mo tún ti kó nǹkan ìbejì dé."

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń pè mí, kẹ̀kẹ́ ti dé.

Dókítà tó dá wa lóhùn ò lè fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ó ka ìwé mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ta ló kọ èyí? Ó dáa gan-an." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Tó bá lò ó pé báyìí, á jẹ́ pé oògùn yẹn ò ràn án. A máa dá a dúró, ká máa gún un lábẹ́rẹ́."

Ọmọ náà gbọ́ abẹ́rẹ́, ó kàn fi ojú pamọ́ sí ọrùn ìyá rẹ̀.

"Kò lò ó pé," mo wí.

"Kí lo sọ?" Ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Ìdajì ló lò. Màmá pín in fún àwọn méjèèjì. Ife òfìfo ni mò ń rí, mi ò rí ẹni tó mu ún. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ kì í ṣe òótọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. "Láti ọjọ́ Ajé?"

"Láti ọjọ́ Ajé."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ká mú èyí ọkùnrin wá kí òun yẹ òun náà wò. Ó tún ẹ̀jẹ̀ èyí obìnrin yẹ̀ wò, ó ní ibà náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì le débi abẹ́rẹ́. Ó ní òun ò lè búra pé ìdajì oògùn nìkan ló fà á, àmọ́ a ò lè sọ pé oògùn tí ọmọ ò lò ò ṣiṣẹ́. Ká tún un bẹ̀rẹ̀, lódindi. Bí kò bá yí padà títí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ká gbé e wá kíá.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Mo ti ń múra ìjà sílẹ̀ nínú ọkàn mi, mò ń ro ohun tí màá sọ láti fi la òun àti Màmá níjà. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà, èyí ọkùnrin lẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ẹ kú ilé, Màmá," ni gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ. Ó wọ kíṣìnnì, ó ní kí n gbé ife méjì wá. Ó po oògùn sínú ọ̀kan. Ó bu gúlúkóòsì sínú èkejì, ó da omi sí i, ó rò ó. Ó gbé méjèèjì fún Màmá.

"Èyí ni ti ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Èyí ni ti èkejì rẹ̀. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ o."

Màmá wo ife, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ìwọ lo ṣe eléyìí?"

"Èmi ni."

"Ìwọ onígbàgbọ́?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọmọ lóògùn."

Obìnrin tí kò jẹ́ kí wọ́n se ẹ̀wà! Mo fẹ́ bi í bóyá ó gbà á gbọ́ ni, tàbí ó kàn ń wá bí oògùn ṣe máa wọ inú ọmọ rẹ̀. Mi ò bi í. Mo fara ti ilẹ̀kùn, mo ń wo ọ̀fun ọmọ náà títí ó fi gbé e mì tán.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti tutù. A ti mú èyí ọkùnrin náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn ò rí ibà kankan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí oògùn tó kẹ́yìn dé, ó ti ife rẹ̀ dànù, ó nawọ́ sí ti èkejì rẹ̀.

"Tiẹ̀ ló dùn! Tiẹ̀ ni mo fẹ́!"

Àfi fòó, èyí ọkùnrin gbá a lẹ́yìn orí. Ìyẹn náà fà á nírun. Igbe ta. Ìyá aládùúgbò gba orí ògiri béèrè pé ṣé kò sí o. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń po hóró mìíràn tí dókítà fi ṣe èènì fún wa. A jẹ́ kí wọ́n jà díẹ̀ kí a tó là wọ́n.