Àdìgún Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ́ Níṣẹ́

Ní ọdún tí àwọn ṣọ́jà ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá, kò sí mẹkáníìkì kan láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí tó lè fi etí gbọ́ ẹ́ńjìnnì bíi ti Àdìgún. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìgbòho, yóò ti mọ àìsàn tó ń ṣe é kí eruku rẹ̀ tó yọ. Ẹni tó bá ní àsọdùn ni, kò bá wa gbé Ṣakí nígbà náà.

Ṣùgbọ́n Àdìgún kò lọ́gàá. Ara ẹ̀rọ ìlọta ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Ó tú u títí ìyá rẹ̀ fi sunkún, ó sì tò ó títí ẹ̀rọ náà fi ń lọ ata kúnná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sórí alùpùpù, láti orí alùpùpù ó bọ́ sórí mọ́tò, ó wá pa àtíbàbà sábẹ́ igi máńgòrò lójú ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.

Ohun tí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì kò gbà nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe fírídọ̀mù: ọ̀gá rẹ̀ yóò gbàdúrà lé e lórí níṣojú ẹgbẹ́ kó tó lè dá dúró. Ládòkun, alága wọn, bá kó èèyàn wá sábẹ́ máńgòrò. Ó bèèrè ẹni tó ṣe fírídọ̀mù fún Àdìgún. Àdìgún ní òun kò mọ ẹni náà. Ládòkun ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó tú àtíbàbà ká kí oòrùn tó wọ̀, kó padà lọ máa kọbè ní Ìgbòho tó ti wá.

"Alága, ẹ mú ọkọ̀ tó ti sú yín wá," ni Àdìgún wí. "Bí n kò bá tún un ṣe, èmi fúnra mi ni n ó tú àtíbàbà yìí."

Ṣé ọkọ̀ tó sú wọn wà? Ó wà. Píjò akẹ́rù Àlájì Yẹ̀kínì oníṣu ni. Bí dẹ́rẹ́bà bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, gíà á máa ké bí ewúrẹ́ ọjọ́ iléyá, kò ní wọlé. Àwọn èèyàn Ládòkun ti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ àwo kílọ́ọ̀ṣì, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Wọ́n tì í wá, dẹ́rẹ́bà ń darí rẹ̀. Ládòkun pàṣẹ pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ran Àdìgún lọ́wọ́. Àlájì tẹ̀lé ọkọ̀ rẹ̀ nínú agbádá funfun, iṣu rẹ̀ sì ń rà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.

Àdìgún kò wọ abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó tẹ̀ ẹ́ léraléra, gíà wọlé. Ó sinmi díẹ̀, gíà kọ̀. Ó wo ilẹ̀, kò rí epo tó ń kán. Ó ní àwo kílọ́ọ̀ṣì kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, epo tó yẹ kó ti kílọ́ọ̀ṣì ló ń sá padà níbi pọ́ǹpù tó wà nídìí ẹsẹ̀. Ládòkun ní irọ́ ni, igò epo bíréèkì tí kílọ́ọ̀ṣì ń lò kún dẹ́nu. Àdìgún ṣí igò náà, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló ń dín dùndú nínú ọkọ̀ yìí?"

Dẹ́rẹ́bà wolẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé epo bíréèkì inú igò gbẹ mọ́ òun lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, òun sì bu òróró ẹ̀pà inú gálọ́ọ̀nù èrò kan sí i.

Àdìgún tú pọ́ǹpù náà. Rọ́bà inú rẹ̀ ti wú bí àkàrà, ètè rẹ̀ ti yí padà. Ó tú ti ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì, bákan náà. Ó rán dẹ́rẹ́bà lọ ra rọ́bà tuntun, ó fi sípíríìtì fọ gbogbo rẹ̀ títí dé inú páìpù, ó dì í padà, ó bu epo bíréèkì gidi sí i. Ó wá ku atẹ́gùn tó há sínú páìpù. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì lókè kí ẹlòmíràn máa ṣí nọ́ọ̀tì kékeré nísàlẹ̀ kí atẹ́gùn lè jáde. Dẹ́rẹ́bà ti fi rọ́bà lélẹ̀, ó ti sá fún ojú Àlájì lọ, kò tíì padà. Ládòkun káwọ́ gbera: ibẹ̀ ló ti ń dúró dè é.

"Àlájì, ẹ dákun, ẹ wọlé," ni Àdìgún wí. "Ẹ̀yin kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́."

Àlájì wo agbádá rẹ̀, ó ronú iṣu rẹ̀, ó ká agbádá lé èjìká, ó wọlé. Ohùn Àdìgún ń jáde lábẹ́ ọkọ̀ bí ohùn lèmọ́ọ̀mù níwájú sọ́ọ̀fù àwọn tó ń kírun: "Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ dì í mú. Ẹ fi sílẹ̀." Atẹ́gùn ń fọn fìì, epo ń hó, ewúrẹ́ tó ń jẹko lẹ́bàá ọ̀nà pàápàá dúró wòran. Nígbà tí epo kò hó mọ́, ó dé nọ́ọ̀tì pa. Àlájì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó le dáadáa lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, gíà sì wọlé wọ́ọ́rọ́.

Ládòkun yí ohùn padà. Ó ní ọmọ dáadáa ni Àdìgún, kó dọ̀bálẹ̀ kí òun gbàdúrà fún un, kí ayé mọ̀ pé lábẹ́ Ládòkun ló ti ṣe fírídọ̀mù, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Àdìgún dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Ládòkun nawọ́ àdúrà.

"Ẹ dúró ná, bàbá. Àgbà yín ni mo ń kí. Ẹ kò kọ́ mi níṣẹ́, n kò sì ní parọ́ pé ẹ kọ́ mi."

Ó dìde, ó gbọn àyà rẹ̀. Ọwọ́ Ládòkun ṣì wà lókè. Nígbà tí kò rí ohun tí yóò fi í ṣe, ó fi nu ojú. Àlájì fọn fèrè kí wọ́n yà fún òun. Ẹgbẹ́ kò gba Àdìgún wọlé láéláé, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tún wá bi í léèrè ọ̀gá lábẹ́ máńgòrò náà.