Sípíkà Onísinimá

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kì í gba ìmọ̀ràn. Ilé sinimá ló ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́, òun ló ń fi fíìmù sórí ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi ń pè é ní Onísinimá. Nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àga lọ sílé. Òun ní sípíkà méjèèjì lòun fẹ́. Sípíkà ayé àtijọ́ ni wọ́n: àpótí pákó tó ga tó èèyàn, tí ẹnu irin gbàgàdà wà lórí rẹ̀. Ó tò wọ́n sí páálọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan lápá òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá á fi ẹ̀gbẹ́ rìn.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí. "Ìyàwó méjì lẹ gbé wọlé yìí, wọ́n sì sanra jù mí lọ."

Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ o, mi ò ní parọ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n jọ ń wo fíìmù. Ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ ti ba etí Onísinimá jẹ́, kò sì gbà. Ńṣe ló ń yí ohùn sókè sí i, tí fèrèsé tèmi lójúlé kejì ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi á ní orí ń fọ́ òun. Ọkọ rẹ̀ á ní, "Lo oògùn kí o wá jókòó, ibi tó dùn ló kù."

Nígbà tó yá, sípíkà apá òsì kò dún dáadáa mọ́, àfi bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu. Onísinimá tú ẹ̀yìn àpótí, ó pààrọ̀ wáyà, kò yanjú. Ló bá kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ lò ń fi omi nù ún! O ti bà á jẹ́!"

Ẹ̀gbọ́n mi ní kó má bínú.

Kò pẹ́ sí i ni ẹ̀gbọ́n mi ṣubú ní ilé ìdáná. Dókítà ní iṣan kan ló bẹ́ nínú orí rẹ̀. Kò jí mọ́.

Ó pẹ́ kí Onísinimá tó tún tan tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ kan ó ránṣẹ́ pè mí. Ó fẹ́ wo fíìmù tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn jù, ó sì fẹ́ kí sípíkà méjèèjì dún bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Àna mi, bá mi gbé ti apá òsì yìí."

Bí a ṣe dà á síwájú, aṣọ búlúù kan yọ lẹ́nu rẹ̀. Ìborùn ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti ká a dáadáa, ó sì kì í bọ ọ̀fun irin náà. Òórùn ìpara rẹ̀ ṣì wà lára aṣọ náà.

Onísinimá dì í mú. "Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

Inú bí mi. "Ó sọ o! Ẹ ní kó lo oògùn, pé ibi tó dùn ló kù!"

Kò gbọ́. Ó na etí sí mi, ó ní kí n tún un sọ. Mo wo ojú rẹ̀, mi ò lè tún un sọ.

Mo fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, mo ní, "Kò fẹ́ kí ẹ pa fíìmù yín ni."

Ó ká ìborùn náà, ó dá a padà sínú ọ̀fun sípíkà. Ó tan fíìmù, ó sì yí ohùn wálẹ̀ títí èmi gan-an fi ń tiraka kí n tó gbọ́. Òun kò lè gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n mi, ó sì wò ó títí tó fi parí.