Irun Sìkírá tí Mo Tú ní Kútọnu

Ọjọ́ Àìkú kan tí mo lò ní Kútọnu lọ́dọ̀ Sìkírá, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé girama ní Ìlaròó, kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Láti ìgbà náà, èmi ni mo máa ń di irun rẹ̀. Nítorí náà, mo mú òòyà onígi mi dání láti Ayétòrò.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo débẹ̀, ooru sì mú gan-an. Mo bá Sìkírá lórí àpótí, tí Àfíàvì aládùúgbò rẹ̀ ń parí ṣùkú fún un.

"Ọ̀rẹ́ mi dé o!" ni Sìkírá wí, ṣùgbọ́n kò dìde. Mo jowú débi pé n kò mu omi tí wọ́n fún mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní, "Irun yìí ti le jù. Jẹ́ kí n tún un dì."

"Fi í sílẹ̀ jàre! Ṣebí àná ni wọ́n dì í."

"Àbí ọwọ́ mi ò dára mọ́?"

Ó wá jókòó síwájú mi. Nígbà tí mo tú u dé ìpàkọ́, mo rí i pé ibẹ̀ ti pá, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Àìsàn èṣí ló fà á," ni ó wí. "Àfíàvì ló tọ́jú mi. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń dì í bò ó. Mi ò fẹ́ kí o rí i."

Mo lọ kan ilẹ̀kùn Àfíàvì, mo na òòyà mi sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dì í padà."

Mo fi òòyà náà sílẹ̀ fún un nígbà tí mo ń lọ. Títí di òní, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, mo sì ń jowú rẹ̀.