Ọjọ́ Tí A Gé Àgbálùmọ̀ Kí A Lè Ráyè Gbin Igi

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ìtamága ti kógbá wọlé nígbà náà. Onílé ní ṣọ́ọ̀ṣì lòun fẹ́ gbé ilé náà fún. Arábìnrin kan tá a jọ ń gbé kọ́ńpáǹdì, ọmọ Ọ̀ṣun bíi tèmi, ló sọ fún mi pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa mú àlejò rìn nínú ọgbà igbó ìjọba kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́, láti àsìkò Kérésìmesì títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Mo wọkọ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú, a gba Ìmọ̀tà kọjá, mo sì dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ọgbà náà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi nínú ọ̀rá.

Kò tiẹ̀ yẹ ìwé náà wò. Ó bi mí pé, "Ṣé o máa ń bẹ̀rù ejò?"

Mo purọ́ pé n kì í bẹ̀rù ejò.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní, "torí èmi máa ń bẹ̀rù rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Ní gbogbo àsìkò tí mo fi wà níbẹ̀, n ò rí i kí ọ̀gá tẹ igbó náà. Inú ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ló ti ń ṣàkóso àwọn ẹranko, bí ọkọ tó wà lókè òkun ṣe ń ṣàkóso ìyàwó tó fi sílé. Wọ́n fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí wọ́n ya erin sí lẹ́yìn. Erin kankan ò sí lọ́dọ̀ wa. Ọ̀bọ la ní, àti ẹyẹ, àti ọ̀nì kan tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó rí i rí.

Àwọn tó ń wá lásìkò ọdún kò bá tigbó wá. Fọ́tò ni wọ́n wá yà. Obìnrin kan wọ bàtà gogoro wá sórí afárá pákó tó gba orí àbàtà kọjá, ó dúró títí, ó wá bi mí pé ìgbà wo la máa kó àwọn ẹranko jáde. Mo ní ilé wọn la wà yìí, àwa la wá kí wọn. Ó ní ẹni tí òun bá lọ kí tí kò jáde sí òun, òun kì í kí i mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà kan tún wá, wọ́n ní ibi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ làwọn ń wá. Bá a ṣe mú wọn dé ibi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kalẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ìyá tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, ìran apẹja. Àlàájà là ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn fúnra wọn máa ń sọ pé Mẹ́kà tí àwọn mọ̀ kò kọjá Ìkòròdú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń jókòó sí ni igi àgbálùmọ̀ ńlá kan wà. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, èso á bò ó, àwọn ọ̀bọ á sì máa wá síbẹ̀ láàárọ̀. Níbẹ̀ nìkan ni àlejò ti lè rí ẹranko láìfẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀.

Nígbà tí ọdún tuntun ti wọlé dáadáa, ọ̀gá pè wá jọ. Ó ní èèyàn pàtàkì kan nínú ìjọba ń bọ̀ wá gbin igi, àwọn oníròyìn yóò sì bá a wá. Wọ́n nílò ibi tí wọ́n máa ta kánópì sí. Ó nawọ́ sí igi àgbálùmọ̀.

Àlàájà ní, "Ọ̀gá, ẹ fẹ́ gé igi kí ẹ lè ráyè gbin igi?"

"Màmá, èyí ò wúlò fún ètò wa. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ló máa dúró tì í nínú fọ́tò tó máa sọ pé òun lòun gbìn ín?"

Àlàájà ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Ẹni tó gbìn ín kì í ya fọ́tò."

Àwọn agégi dé lọ́jọ́ kejì. Bí igi náà ṣe wó, èso pípọ́n fọ́n ká ilẹ̀. Àwọn tó gé e ṣà á jẹ, wọ́n ní ó dùn. Àwọn ọ̀bọ jókòó sórí igi tó wà lódìkejì, wọ́n ń wò wá, wọn ò ké. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún ọ̀gá pé èéfín ẹ̀rọ tí wọ́n fi gégi ló kó sí mi lójú.

Nígbà tí ọjọ́ ayẹyẹ pé, àwọn igi kéékèèké tí wọ́n fẹ́ gbìn ti kú sínú búùtù ọkọ̀ ọ̀gá, àfi ẹyọ kan. Ọ̀gá ní ká fọkàn balẹ̀. Èèyàn pàtàkì fi ṣọ́bìrì tí wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sí i nídìí, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bó ṣe yíjú padà, ọ̀gá ṣẹ́jú sí mi, mo hú igi náà, mo sáré lọ rì í síbòmíràn fún ìyàwó èèyàn pàtàkì náà. Nígbà tí ìyẹn ṣe tán, mo tún hú u fún ìjòyè kan tó bá wọn wá. Ewé tó kù lórí rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́.

Àlàájà sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu, tó ní igba lòun gbìn, tó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, á jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Àwọn wọ̀nyí ò tiẹ̀ ní iṣu tí wọ́n máa kọ́kọ́ jẹ."

Èèyàn pàtàkì wá dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ tó ní sí igi. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun bo kùkùté àgbálùmọ̀, wọ́n sì gbé omi tí yóò mu lé e. Ibi tó ti ń sọ pé ẹni tó bá gé igi, ẹ̀mí ló gé, ni àwọn ọ̀bọ ti dé. Wọn ò pariwo. Wọ́n gba orí kánópì sọ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ, wọ́n mú ohun tí wọ́n lè mú, wọ́n ń lọ. Ọ̀kan jókòó sórí kùkùté náà, ó ń fi sùúrù tú ewé ara mọ́ínmọ́ín.

"Kí ni ìtumọ̀ èyí?" Èèyàn pàtàkì ló bèèrè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá wa ò ronú rárá. "Wọ́n wá dúpẹ́ ni, sà. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹ ń gbin igi fún wọn."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ọ̀bọ ò wá sí géètì mọ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ wa parí. Àlàájà di ẹja yíyan fún mi, wọ́n sì ṣàdúà fún mi gidigidi. Mo rí iṣẹ́ olùkọ́ míì ní Ìmọ̀tà. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ pé ọ̀bọ ti ń ba àgbàdo jẹ́ láwọn abúlé tó yí ọgbà náà ká, pé ìjọba ti gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí ohun tó lé wọn jáde nínú igbó, àti pé ọ̀gá wa, tí wọ́n ti gbéga, ni alága ìgbìmọ̀ ọ̀hún.

Ó pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Ìwọ lo máa ń wọ inú igbó yẹn. Kí lo rò pé ó lé wọn?"

"Ebi ni, sà. Ẹ gé oúnjẹ wọn."

Ó ní, "Ìyẹn ò lè wọ inú àbọ̀ tá a fẹ́ jẹ́. Ṣé o ò rò pé ojú ọjọ́ tó ń yí padà ni?"

Mo ní n ò mọ̀ nípa ti ojú ọjọ́, èmi igi ni mo rí. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa níbi tóun wà, òun máa tún pè. Kò pè mọ́ títí dòní.