Lékeléke Lórí Oko Tó Jóná

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ abẹ́ àtíbàbà tí àwọn obìnrin ìlú Ajido ti ń yan ẹja létí ọ̀sà. Àwọn mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ìyá àgbà tó jẹ́ olórí wọn, àti obìnrin mẹ́ta tí wọ́n bá ìyàwó mi ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Kò sí ọkùnrin níbẹ̀ àfi èmi.

Ìyá àgbà ló ránṣẹ́ sí mi pé bí ààrò ìyàwó mi bá ṣì tutù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn á fi í fún ẹlòmíì. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ìyàwó mi fi mọ ọ́n. Mo gbé ẹpìyà tí mo pa wá fúnra mi.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, bàbá," ni wọ́n wí. Wọ́n dorí kodò.

Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí ẹni tó yàtọ̀ kọjá lásán. Á ní, "Ẹ wo ẹni yìí, ó hàn bí eyín góòlù lẹ́nu arúgbó." Èmi tí mo ga, òpó iná láàrin oko ẹ̀gẹ́ ló ń pè mí. Lọ́jọ́ náà mo hàn ju òpó iná lọ, kò sì sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ki èèpo àgbọn sínú ààrò, mo ṣáná sí i. N kò mọ̀ pé kò tíì gbẹ. Èéfín bo gbogbo wa. Ìyá àgbà wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Wọ́n ti rí èéfín rẹ ní Kutonu báyìí," ó ní. "O yọ bí aṣọ́bodè níbi ìsọmọlórúkọ."

"Aṣọ́bodè kẹ̀, ìyá?" ni èyí tó kéré jù nínú àwọn obìnrin náà dáhùn. "Lékeléke lórí oko tó jóná ni."

Gbólóhùn ìyàwó mi nìyẹn. Bí mo bá wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń sọ ọ́. Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Tún un sọ," mo ní.

Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìyá àgbà fi igi rú iná mi.

"Èèpo gbígbẹ ni kí o kó wá lọ́la," ó ní. "Ààrò rẹ nìyẹn."

Nílé, mo jẹ ọ̀kan nínú ẹja tí mo yan. Èéfín ti mú un korò díẹ̀. Kò sẹ́ni tí mo lè ròyìn ọjọ́ náà fún.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo di èèpo gbígbẹ sínú àpò. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, bí mo tilẹ̀ mọ ohun tí èéfín máa fojú rẹ̀ rí, mo sì gba etí ọ̀sà lọ síbi ààrò.